Àlàájà tó Dúró fún Kọ̀ǹpútà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Màmá àgbà kú. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, a ti sin wọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é ní ìdílé wa nìyẹn, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lèmọ́mù ní olùfọkànsìn ni wọ́n, wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, wọ́n tọ́mọ, wọ́n ṣòwò láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tí mo ń gbọ́ ohùn Lèmọ́mù láti àgbàlá, mo ń retí kó mẹ́nu kan yàrá kan tó wà nínú ilé ìkàwé ìjọba ládùúgbò wa. Kò mẹ́nu kàn án. Bóyá ó gbàgbé. Bóyá nítorí àbúrò màmá mi ni kò ṣe fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà síta. Ó ti rẹ gbogbo wa nínú ilé láti máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nípa Màmá ni àárẹ̀. Kò sọ́jọ́ tí wọn kì í sọ pé ó ti rẹ àwọn. Wọ́n á sọ ọ́ bí wọ́n bá ń wọ bàtà láàárọ̀, wọ́n á tún sọ ọ́ bí wọ́n bá dé láti ọjà. Òwú, bọ́tìnì, síìpù àti rọ́bà ìdí ṣòkòtò ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìdúmọ̀tà. Ṣọ́ọ̀bù náà há débi pé bí oníbàárà bá wọlé, Màmá á bọ́ síta kí ẹni náà lè ráyè yẹ ọjà wò. Wọ́n ti wà nídìí òwò yẹn kí wọ́n tó bí màmá mi. Orúnkún ń dùn wọ́n, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, eruku ọjà sì ti wọ̀ wọ́n láyà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń húkọ́ kí wọ́n tó dá ẹni tó bá kí wọn lóhùn.

Àlàájì Wàsíù, ọmọ wọn àgbà, tó ń wa mọ́tò fún bánkì kan ní Marina, máa ń bínú sí i gan-an. Ó gbà pé àwọn ènìyàn á máa rò pé òun ò lè bọ́ ìyá òun.

"Màmá, ẹ jókòó sílé! Ẹ̀yin náà ń fẹnu ara yín sọ ọ́ pé ó ti rẹ̀ yín."

Màmá á wò ó, wọ́n á so ìborùn wọn dáadáa.

"Mo ní ó ti rẹ̀ mí," ni wọ́n máa ń wí. "Mi ò ní mo ti ṣe tán."

Wọ́n fẹ́ràn ìjà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn torí pé wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n ìjà wọn kò jọ ti ẹlòmíì. Wọn kì í pariwo, wọn kì í nàka síni lójú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi "ìwọ" bá ẹni tí wọ́n ń bá jà sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé. Ọkùnrin kan ra ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú gọ́tà tó gba iwájú wa kọjá. Ọjọ́ orí ọkùnrin náà ò ju tàwọn ọmọ wọn lọ. Màmá lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ń wò.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwà yín ò dáa rárá, sà."

Ọkùnrin náà ò mọ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó bínú. Ó bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń pe òun ní sà.

"Kó má bàa jẹ́ pé èmi náà ṣẹ̀ yín," ni Màmá fi dá a lóhùn. Wọ́n padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún kí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wá bíríkìlà wá, ó tún gọ́tà ṣe. Kì í ṣe pé ẹ̀rù Màmá bà á. Ó kàn sú u láti máa jí gbọ́ ìkíni yẹn ni.

Músílíù, ọmọ Àlàájì Wàsíù, ló mú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọ ilé wa. Èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ sílé ìwé girama ni, ó fi kíláàsì kan ṣáájú mi. Ọlọ́pọlọ ọmọ ni. Gbogbo wa ló mọ̀ pé yóò wọ yunifásítì, kódà àwọn tí kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ ṣe ìdánwò ìwọlé lókè odò, lódìkejì afárá. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, Músílíù kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀. Nílé ìwé wa, orí bọ́ọ̀dù ni tíṣà ti ń ya kọ̀ǹpútà fún wa. A mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ẹní mọ orúkọ àwọn ìlú tí kò dé rí.

Nígbà tó padà dé, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò jẹun. Màmá lọ bá a níbẹ̀.

"Ṣé ìbéèrè yẹn ló le ni?"

"Rárá, Màmá. Mo mọ̀ wọ́n."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni ò mọ nǹkan yẹn lò. Mo fẹ́ lọ síbi ìbéèrè tó kàn, ó ń gbé mi padà sẹ́yìn. Mo tẹ ibì kan, èyí tí mo ti dáhùn pa rẹ́. Mo pe ẹni tó ń ṣọ́ wa, ó ní kí n má dí àwọn tó kù lọ́wọ́. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín, wọ́n ní àkókò ti tó."

Àlàájì Wàsíù ní àwáwí ni. Ó ní àwọn yòókù tó wà níbẹ̀, ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi bí wọn? Èmi ni Màmá yíjú sí.

"Ruka, níbo ni ọmọ tálákà ti lè rí nǹkan yìí fọwọ́ kàn ní Èkó yìí?"

Mo sọ ti ilé ìkàwé fún wọn. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ilé ìwé wa kó wa lọ síbẹ̀ láti lọ pàtẹ́wọ́. Àwọn ènìyàn pàtàkì wá, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun sí yàrá kan, wọ́n ní ti gbogbo ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan láàárín wa, wọ́n gbé e jókòó síwájú ọ̀kan, wọ́n ní kó gbọ́wọ́ lé e, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ò tanná. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Látọjọ́ yẹn?"

"Látọjọ́ yẹn, Màmá."

"Àwọn ọmọ wá pàtẹ́wọ́ fún ilẹ̀kùn nìyẹn," ni wọ́n wí.

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Mádàámù Fọlárìn ni ọ̀gá ilé ìkàwé náà, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀ torí pé fáànù ò ṣiṣẹ́. Wọ́n kí ara wọn dáadáa.

"Mádàámù, yàrá kọ̀ǹpútà ni mo bá wá."

"Kò ṣí, Àlàájà."

"Ìgbà wo ló máa ṣí?"

"A ò tíì gba àṣẹ."

"Àṣẹ ta ni?"

"Ti òkè."

Màmá gbójú sókè, wọ́n wo àjà ilé tí òjò ti sọ di dúdú. "Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Mo rò pé Mádàámù Fọlárìn máa lé wa jáde. Dípò ìyẹn, ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ká jókòó. Ó ní níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ẹnìkan jí ẹ̀rọ kan lábẹ́ òun. Owó oṣù òun ni ìjọba ń gé títí tí wọ́n fi gba owó wọn tán, ọdún yẹn sì ni ọkọ òun kú. Ó ní bí yàrá yẹn bá wà ní títì, kò sí ohun tó lè sọnù níbẹ̀, òun á sì fẹ̀yìn tì ní àlàáfíà. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nígbà púpọ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú obìnrin náà. Màmá dá mi lẹ́kun.

"Obìnrin yẹn ò burú. Wọ́n ti dẹ́rù bà á débi pé ìbẹ̀rù ni iṣẹ́ rẹ̀ báyìí."

Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo ibi tí wọ́n dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀mí mi á pin. Wọ́n lọ sí káńsù, káńsù ní ti ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n lọ bá ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ní káńsù ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ní kí wọ́n padà wá, bí wọ́n bá padà dé ibẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ á ti lọ jẹun tàbí kó ti lọ fún ìsinmi. Wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, wọ́n á wọ mọ́tò ní CMS pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n á padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú. Màmá mi á gbé omi gbígbóná fún wọn, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà kan mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ fún wọn lónìí. "Ohun tí wọ́n sọ lánàá," ni wọ́n wí, "ẹlòmíì ló wá sọ ọ́."

Níkẹyìn, ọkùnrin kan ní ọ̀kan nínú àwọn ọ́fíìsì náà, tí mo rò pé ojú wọn ti sú u, ní òun á kọ̀wé pé kí wọ́n ṣí yàrá náà bí ẹnìkan ní àdúgbò bá lè dúró fún ẹrù inú rẹ̀. Bí ohunkóhun bá sọnù, ẹni náà ni ìjọba máa mú, kì í ṣe Mádàámù Fọlárìn nìkan. Ó ní kí Màmá lọ wá ẹni ńlá kan.

"Ṣé ẹni ńlá ni àbí ẹni tó máa dúró?" ni Màmá bi í. Ọkùnrin náà ní ẹni tó máa dúró. "Èmi nìyí," ni wọ́n wí.

Inú Àlàájì Wàsíù ò dùn. Ó ní ìyá òun ti fi ọrùn bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Síbẹ̀, wọ́n ṣí yàrá náà. Wọ́n fún Mádàámù Fọlárìn ní kọ́kọ́rọ́ kan, wọ́n fún Màmá ní ìkejì, nítorí pé onídùúró gbọ́dọ̀ lè wọlé wo ohun tó dúró fún.

Kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀ tó bí mo ṣe rò ó. Ọ̀rinrin ti wọ inú àwọn kan, wọn ò tan mọ́ rárá. Eku ti jẹ wáyà àwọn míì. Ìwọ̀nba tó kù, kò síná tí a máa fi tàn wọ́n. Màmá lọ bá ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tó fẹ̀yìn ti ilé ìkàwé náà, wọ́n bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé kí wọ́n fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ mọ́sáláṣí, láti ẹ̀yìn ìrun Àìlà títí di ìrun Àlàásáàrì. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní ṣé epo mọ́sáláṣí ló yẹ kí àwọn ọmọ máa fi ṣeré? Màmá ní, "Àwọn ọmọ yín náà wà níbẹ̀, sà." Wọ́n fa wáyà náà.

Àgùnbánirọ̀ kan tó wá láti Ìlà-Oòrùn ló ń kọ́ wa. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó ní sùúrù. À ń tò sẹ́nu ọ̀nà, a jọ ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, ẹni kan á di máòsì mú, ẹni kejì á máa tẹ kíbọ́ọ̀dù. Iná á lọ, a ó jókòó sínú òkùnkùn, iná á dé, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Músílíù kì í pa ọjọ́ kankan jẹ. Ó tún ìdánwò náà ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wọlé. Èmi náà wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ìta ni Màmá máa ń jókòó sí, wọ́n á máa fa tẹ̀súbáà wọn. Lọ́jọ́ kan, àgùnbánirọ̀ yẹn fẹ́ kí wọ́n wọlé wá kọ́ díẹ̀. Ó fọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wa ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọ̀.

"Bí mo bá jókòó, ọmọ kan ò ní rí ìjókòó," ni wọ́n wí. Wọn ò dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Mo ti dé ibi tí mi ò fẹ́ dé.

Gàníyù ni àbíkẹ́yìn Màmá, ọdún díẹ̀ ló fi jù mí lọ. A jọ dàgbà ni, n kì í pè é ní bùọ̀dá àfi bí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò parí ilé ìwé. Ó kọ́ṣẹ́ atúnfóònùṣe, kò parí ẹ̀. Àwa ọmọ ọmọ ń lọ sí yunifásítì, òun ṣì ń sùn nínú yàrá ìyá rẹ̀. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́rìn-ín sí i, ojú rẹ̀ á yí padà.

Mádàámù Fọlárìn dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó rí i pé wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà tó dára jù lọ. Wọn ò já ilẹ̀kùn. Wọn ò fọ́ fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Àwọn ará ọ́fíìsì dé, wọ́n sì dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ní kó kọ̀wé ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́sàn-án pẹ̀lú ọlọ́pàá. Kò sẹ́ni tó rò ó pé Àlàájà lè lọ́wọ́ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Màmá ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n wo orí ìṣó tí kọ́kọ́rọ́ tiwọn ń wà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e kọ́ padà kọ́ ọ sódì.

Wọ́n pe Gàníyù. Èmi àti màmá mi wà nínú yàrá náà.

"Gàníyù, níbo lo gbé e sí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Má búra sí i. Sọ ibi tó wà."

Ó sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí CMS ló tà á sí. Ó bú sẹ́kún, ó ní òun kàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan tó jẹ́ tòun ni.

Àlàájì Wàsíù sáré dé láti ibi iṣẹ́. Kò lu àbúrò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa rò pé yóò lù ú. Ó ní òun á lọ gba kọ̀ǹpútà náà padà, àwọn á gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó gbé e. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ wo orúkọ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ládùúgbò yìí. Ẹ jẹ́ ká bò ó."

"Bí a bá bò ó, orí ta ló máa jábọ́ lé?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé Mádàámù Fọlárìn ni.

"Wàsíù, lọ gba ẹrù náà wá," ni Màmá wí. "Gàníyù, wọ aṣọ rẹ."

Bí wọ́n ṣe jáde ṣì wà lójú mi. Ọ̀sán gangan ni. Màmá wọ ìborùn funfun tí wọ́n rà ní Mẹ́kà, Gàníyù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn ò dì í mú. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n jalè ní ilé ìkàwé, nítorí náà àwọn ènìyàn ti dúró káàkiri. Àwọn kan kí Màmá, Màmá sì kí gbogbo wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èmi àti màmá mi wà lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Àwọn ará ọ́fíìsì ti padà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Mádàámù Fọlárìn dúró sídìí tábìlì rẹ̀, ó di ìwé ìròyìn mú, kò fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ kún ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, sà," ni Màmá wí. "Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ọmọ tí mo bí ló mú kọ́kọ́rọ́ mi tó wá gbé e. Òun nìyí. Ẹrù yín ń bọ̀ lọ́nà. Èmi ni mo dúró fún un, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Ọlọ́pàá náà dìde láti mú Gàníyù. Mádàámù Fọlárìn ló kúnlẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé bí ẹrù bá ti padà, kí wọ́n má ṣe mú ọmọ yẹn lọ. Ó bẹ̀ wọ́n títí Àlàájì Wàsíù fi gbé kọ̀ǹpútà náà dé, lórí èjìká ara rẹ̀, pẹ̀lú yúnifọ́ọ̀mù bánkì lọ́rùn. Wọ́n fi Gàníyù sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Gàníyù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Kò dágbére fún ìyá rẹ̀. Àlàájì Wàsíù ò bá Màmá sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní wọ́n fi ọmọ wọn ra ojúure àlejò. Nínú ìdílé, ní ibi ìsọmọlórúkọ àti ibi ìgbéyàwó, ènìyàn á máa sọ̀rọ̀ lọ, á wá dákẹ́ bí Màmá bá wọlé. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan, bóyá wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀.

"Kò dùn mí pé mo ṣe é," ni wọ́n wí. "Ó dùn mí pé kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é."

Ìyókù ò gùn. Wọ́n ń ṣí yàrá náà, wọ́n ń tì í. Àgùnbánirọ̀ yẹn parí ọdún rẹ̀, ó lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Òjò wọlé. Jẹnẹrétọ̀ mọ́sáláṣí bàjẹ́, wọ́n ra tuntun, ìgbìmọ̀ tuntun ní àwọn ò mọ̀ sí àdéhùn kankan. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, Màmá á wọ bàtà, wọ́n á lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, wọ́n á rán mi. Mádàámù Fọlárìn ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó sì máa ń wá sílé wa. Wọ́n á jókòó sí bákónì, wọ́n á mu tíì, wọ́n á wo ojú ọ̀nà. Nígbà míì wọ́n á wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Nígbà àìsàn tó gbẹ̀yìn, bí mo bá wọlé, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé wọ́n ṣí i lónìí?" Bí wọn ò bá ṣí i, n máa ń sọ fún wọn pé wọn ò ṣí i. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri. "Ẹ tún lọ bá wọn sọ̀rọ̀," ni wọ́n á wí.

Gàníyù dé ní ọjọ́ kejì tí a sin wọ́n. Ó ti hu irùngbọ̀n, ó sì ti sanra díẹ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe ní Ìlọrin, ó ti ní àwọn ọmọṣẹ́. Ó jókòó sábẹ́ kánópì níta, kò wọ yàrá ìyá rẹ̀. Àlàájì Wàsíù kí i, ó dáhùn, ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn.

Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Mádàámù Fọlárìn dé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó kí gbogbo wa, ó wá rí Gàníyù. Gàníyù dìde, ó fẹ́ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé.

"Má lọ," ni obìnrin náà wí. "Mo ti ń wá ọ."

Ó dúró. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ìwọ lo gbà mí sílẹ̀ nínú ẹjọ́, ṣé o mọ̀?"

"Èmi kọ́, Mà. Màmá mi ni. Àwọn ni wọ́n mú mi wá síbẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ lọ́jọ́ kan lórí bákónì yẹn, wọ́n ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní àwọn ò dì ọ́ mú. Wọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà ilé yìí títí dé ọ́fíìsì mi, gbogbo ẹnu òpópó lo lè sá gbà, ẹsẹ̀ àwọn ò sì lè lé ọ bá. Wọ́n ní ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ẹ̀rù ń ba àwọn pé o máa sá. O ò sá. Wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ táwọn bí, kò sẹ́ni tó tíì ṣe ohun tó le tó ìyẹn."

Gàníyù lọ gbé àga wá fún obìnrin náà, ó mú un jókòó, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ruka, ṣé wọ́n ṣì ń ṣí ibẹ̀?"

Mo sọ bó ṣe wà fún un. Mo ní wọ́n ń ṣí i lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ń tì í lọ́sẹ̀ mìíràn, pé ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí ní wáyà ògiri ti jó, kò sì tíì sí owó àtúnṣe.

Àwọn ará ilé rò pé yóò padà sí Ìlọrin lẹ́yìn fìdáù. Kò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní kí n bá òun rìn. Nígbà tí a dé ilé ìkàwé náà, ọ̀gá tuntun tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ búrẹ́dì nídìí tábìlì, bi wá pé kí la fẹ́.

"Mo fẹ́ bá yín wo iná yàrá kọ̀ǹpútà," ni Gàníyù wí. Ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ dání nínú báàgì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló rán yín wá?"

Àbúrò màmá mi gbé báàgì náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tí ì bá rán mi ti lọ," ló wí. "Fúnra mi ni mo wá."